Ìṣó Inú Bàtà àti Ẹ̀rọ Tí Mo Gbé Kọ́ Ìbàdí

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, tí ẹ wá ń sọ lọ́kàn yín pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì le torí pé ibì kankan ò dùn yín, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ yín sókè, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ikùn yín ò bá jẹ́ kí ẹ rí i, ẹ pe ẹni tó wà nítòsí kó bá yín wò ó, kó sì fọwọ́ dímú tó bá pọn dandan. Tí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ padà wá ka ìyókù. Mi ò kàwé lọ títí. Ọmọbìnrin mi ló bá mi fi àmì sórí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ó sì ní kí n dín èébú kù. Mo ti dín in kù. Èyí tó ṣẹ́ kù yìí ni mi ò lè dín mọ́.

Bàtà òkìrìkà ni mò ń tà lọ́jà ní Lọ́kọ́ja. Ìlọrin ni bàbá bàbá ọkọ mi ti wá, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja la bí gbogbo wa sí, ooru ibẹ̀ la fi dàgbà. Àwọn yòókù lọ́jà máa ń to bàtà tiwọn sórí tábìlì, wọn á sì máa pariwo. Èmi kì í pariwo. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń polówó. Tí mo bá ti tú bẹ́ẹ̀lì, ìdì ńlá tí bàtà ń bá wá, màá mú èyí tó dára jù nínú bàtà obìnrin, màá nù ún, màá wọ̀ ọ́, màá sì máa rìn síwá sẹ́yìn níwájú ìsọ̀ mi bí ìyàwó gómìnà. Oníbàárà á ní, "Ìyá Oníbàtà, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yín yẹn ńkọ́?" Màá ní tèmi ni, mi ò tà á. Mi ò tíì rí obìnrin tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò rà á. Bí mo bá ṣe ń bọ́ èyí ni màá tún wọ òmíràn.

Nínú bẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe gbogbo bàtà ló ní ìkejì. Àwọn ẹyọ kan-kan máa ń wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí èkejì wọn wọ̀ sí. Mo ní àpò kan lábẹ́ tábìlì tí mò ń kó wọn sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rà wọ́n lọ́wọ́ mi: Bàbá Yúnúsà, ará Núpé tó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi rí, tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Igi méjì ló fi ń rìn. Á tú àpò náà sílẹ̀, á máa wá ti òsì nínú rẹ̀. Mo máa ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, ìdajì ẹsẹ̀, ìdajì owó." Á rẹ́rìn-ín, á ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n mọ bí ìdajì yẹn ṣe rí. Mi ò bi í léèrè rí nípa ohun tó gé e. Mo ti pinnu fúnra mi pé mọ́tò ló gbá a.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òùngbẹ ń gbẹ mí ṣáá. Màá mu omi inú náílọ́ọ̀nù tán, màá ra òmíràn, màá wá sáré lọ tọ̀. Mo ní ooru ni. Ta ni ò mọ ooru Lọ́kọ́ja? Òkè Pátì tó wà lẹ́yìn wa á gba gbogbo oòrùn ọ̀sán sára, á wá dà á lé wa lórí nírọ̀lẹ́. Mò ń rù, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ó tún wá dà bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò wọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, èèrà lọ, ìbọ̀sẹ̀ lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ níbẹ̀. Mo dúpẹ́. Àní mo dúpẹ́! Mo ní ẹsẹ̀ mi ti gbó, ó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹsẹ̀ tí kì í dùn yín yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ní ọjọ́ kan, mo wọ bàtà dúdú kan tó ní gìgísẹ̀ kékeré láti àárọ̀. Lọ́sàn-án, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba rà á kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kàbbà ni, àdúgbò Fẹ̀lẹ́lẹ̀ ló ń gbé. Ní ọjọ́ kejì, mi ò tíì gbálẹ̀ ìsọ̀ tán tó fi dé.

"Òkun o, Ìyá Oníbàtà." Bí àwọn ará Kàbbà ṣe ń kíni ló ṣe kí mi, ó sì na bàtà náà sí mi. "Ìṣó wà nínú bàtà tí ẹ tà fún mi. Bí mo ṣe kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni mo ké."

"Ìṣó?" Mo fọwọ́ sí ìbàdí. "Bàtà tí mo wọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, tí mo fi rìn yí ọjà yìí ká? Kí ló dé tí ìṣó náà ò rí tèmi gún? Àbí ọmọ Kàbbà ló ń wá? Ẹ ti wọ̀ ọ́ lọ sóde, ẹ wá fẹ́ gbowó yín."

"Mọ́mì, ẹ kọwọ́ bọ̀ ọ́ fúnra yín kí ẹ wò ó."

"Mi ò kọwọ́ bọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi rèé! Ẹ wò ó bóyá ìṣó gún un!"

Mo di tábìlì mú, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, mo yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sí i, kí gbogbo ọjà lè bá mi ṣe ẹlẹ́rìí. Èmi ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí ojú Dúpẹ́.

"Mọ́mì," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ẹ jókòó."

Ihò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ yí i ká, eruku ọjà ti kún inú rẹ̀. Mo ti fi rìn lọ sílé, mo ti fi rìn padà wá. Mo ti fi ṣe àlùwàlá, mo ti fi sùn, mo ti fi jí. Mo fi ìka tẹ ibẹ̀. Bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mò ń tẹ̀.

"Ó ṣe ìyá mi," ni Dúpẹ́ wí. "Ṣúgà ni. Ẹ dìde ká lọ sí ọsibítù."

"Ta ni á dúró ti ọjà?"

"Ṣé ẹ fẹ́ ta bàtà láìlẹ́sẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ gbowó yín ni?" Ó ní kí n jẹ owó náà, kí n sáà dìde. Òun ló dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró.

Ní ọsibítù, ẹ ó tò fún káàdì, ẹ ó tò fún ẹ̀jẹ̀, ẹ ó tún tò fún dókítà. Obìnrin kan fẹ́ gba iwájú mi kọjá, ó ní òun kàn fẹ́ béèrè nǹkan ni. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ mi, mo mọ gbogbo rẹ̀. Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ẹ̀rín ìkẹyìn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gún ìka mi, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó tún gún ìka mìíràn. Tí nọ́ọ̀sì bá wo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín á kúrò lẹ́nu yín. Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi, fọ ojú egbò náà, ó fún mi ní oògùn, ó sì kìlọ̀: mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà sínú omi gbígbóná, mi ò gbọdọ̀ fi ewé dí i, mi ò gbọdọ̀ máa fi rìn.

Ilé ni mo dé tí mo bá Àǹtí Sàlámátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ìròyìn ti ṣáájú mi délé.

"Ìyàwó, ta lo bá jà lọ́jà?"

"Àǹtí, ta ni mi ò bá jà?"

"Ṣé o rí i! Wọ́n ti fi nǹkan sínú bàtà fún ẹ."

"Ìṣó ni wọ́n fi síbẹ̀, Àǹtí. Láti ìlú òyìnbó."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní egbò tí kò dunni, kì í ṣe egbò lásán, omi gbígbóná, iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù ló máa jí i. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Mo sọ ohun tí dókítà wí. Àǹtí ní ṣé dókítà ló máa bá mi gbé ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nínú ẹbí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n gbé abọ́ wá, mo kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Ṣé ó gbóná?" ni Àǹtí bi mí.

"Kò gbóná."

Ó tún da omi sí i. "Báyìí ńkọ́?"

"Kò gbóná, Àǹtí."

Òtítọ́ ni mo sọ. Kò gbóná sí mi. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ náà jáde, awọ rẹ̀ dúró sínú abọ́. Àǹtí kígbe. Èmi ò kígbe, torí kò dùn mí, ohun tó sì jẹ́ kí gbogbo ara mi dì bíi yìnyín nìyẹn.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, egbò náà di ńlá, ó dúdú létí, ó sì ń rùn. Mo padà sí ọsibítù, wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù. Dókítà wò ó, ó fa ìka rẹ̀ kọjá nísàlẹ̀ orúnkún mi, jẹ́ẹ́, bí ẹni fẹ́ gé búrẹ́dì. "Mọ́mì, tí kò bá yí padà, ibí la máa gbà gé e, kó má bàa gba ẹ̀mí yín."

Mo ní, "Dókítà, ẹ wọn nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó gé e o. Oníbàtà ni mí." Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo fi híjáàbù bo ojú mi. Àpò tó wà lábẹ́ tábìlì mi nìkan ni mò ń rí, gbogbo bàtà tí kò ní ìkejì yẹn, tí wọ́n la ẹnu sí mi.

Bàbá Yúnúsà wá kí mi. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé igi rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.

"Ọ̀tún ni àbí òsì?"

"Ọ̀tún, Bàbá."

"Àà. Èmi àtìwọ á wá máa du bàtà òsì nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu mi. Ó dúró títí mo fi ṣe tán. Ó wá ní, "Ṣúgà lèmi náà. Ìwọ rò pé mọ́tò ni, àbí? Egungun ẹja ló gún mi nínú ọkọ̀. Mo fi àkísà dì í, mo fi pamọ́ fún ìyàwó, mò ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi rí i, kò sóhun tí wọ́n lè gbà sílẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tí ọmọdébìnrin dókítà yẹn bá ní kí o ṣe, ṣe é. Mi ò fẹ́ oníbàárà tó máa bá mi du àpò yẹn."

Ìgbà náà ni dókítà sọ fún wa nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n máa ń yá wá láti Àbújá. Ó ní òun ò ṣèlérí. Wọ́n á kọ́kọ́ gé èyí tó ti kú dànù, abẹ́rẹ́ á máa fa ṣúgà wálẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọkọ mi ta ọ̀kadà rẹ̀. Mi ò ní ka owó náà sí yín létí, kí ẹ má bàa sá.

Àtàǹpàkò mi ò dúró. Wọ́n gé e pẹ̀lú ohun tó ti kú. Wọ́n wá gé fóòmù bíi ti tìmùtìmù, wọ́n fi dí inú egbò náà, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù tó ń lẹ̀ bò ó pinpin, wọ́n sì ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Rọ́bà náà gun ẹsẹ̀ mi wá síbi ìbàdí, inú àpótí kékeré kan bíi rédíò ọwọ́ ló parí sí. Àpótí yìí ló ń fa omi burúkú inú egbò jáde tọ̀sán-tòru, ó ń kùn wúùn-wúùn. Dókítà ní, "Tí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ abẹ́ náílọ́ọ̀nù, á ké. Tí bátìrì bá ń tán, á ké. Ẹ má jẹ́ kó kú pẹ́ lórí egbò. Omi á kó jọ sábẹ́ rẹ̀, gbogbo ohun tá a ṣe á bàjẹ́."

Bí wọ́n ṣe fẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú mi nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ni mò ń lọ pààrọ̀ fóòmù. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n gbé ẹsẹ̀ sókè. Mo lọ jókòó sí ìsọ̀, mo gbé e lé àpótí, ọmọbìnrin mi ń tajà. Ẹ wá wo ìran. Aboki tó ń ta àlùbọ́sà níwájú mi ní, "Mama Takalmi," ìyẹn ìyá oníbàtà lédè Hausa, "wetin dey cry for your body?" Mo ní ọmọ tuntun ló ń ké lára mi. Ìyá Ládi tí ìsọ̀ wa fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, tí kì í yé sọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn sí mi létí, ní bóyá ẹ̀rọ náà ń gba ohùn òun sílẹ̀. Mo ní ó ń gbà á, mo sì gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹnì kan béèrè bóyá ó lè ṣáàjì fóònù. Mò ń dá wọn lóhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí mi kò kúrò lára ẹ̀rọ yẹn. Tó bá kùn, mò ń mí. Tó bá yí ohùn padà díẹ̀, èémí mi á dúró.

Àǹtí Sàlámátù ò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Àǹjọ̀nú ló ń pè é. Tó bá wọlé, ọ̀nà jíjìn ló ti ń kí mi.

Ìjì wá jà lọ́jọ́ kan, ó wó òpó iná àdúgbò wa. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí mo gbọ́kàn lé ti bàjẹ́. Ọkọ mi wà lọ́nà Òkéné, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Pí-pí-pí. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Mo jókòó sórí àga, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni ń di ẹ̀mí mú. Ìka dókítà ni mò ń rí, tó ń kọjá nísàlẹ̀ orúnkún mi.

Àǹtí ló wọlé. "Kí ló ń ṣe é?"

"Ebi iná ń pa á, Àǹtí. Tó bá kú, wọ́n á gé ẹsẹ̀ mi."

Ó wò mí. Ó wo ẹsẹ̀ náà. Ó mú wáyà ẹ̀rọ lórí tábìlì, ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó jáde lọ pe kẹ̀kẹ́. Mọ́ṣáláṣí ló gbé mi lọ, torí wọ́n ní sólà tó ń gbé gbohùngbohùn wọn. Àlùfáà jáde sí wa.

"Àǹtí, iná yìí ò lágbára. Ti gbohùngbohùn nìkan ni. Ìrun Àsárì ti fẹ́ tó."

"Àlùfáà, ẹnu ni kí ẹ fi pè é. Ẹnu ni bàbá yín fi ń pè é, a sì ń gbọ́ ọ dé etí odò."

"Àǹtí..."

"Àdúgbò yìí mọ àkókò ìrun. Ẹsẹ̀ ìyàwó wa ò ní àkókò mìíràn."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó yọ wáyà gbohùngbohùn. Ó tún sọ fún mi pé kí n má dààmú nípa àlùwàlá, kí n fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì, ó ti tó. Ìyẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mi ò kàn rí ẹni bi ni. Ó bọ́ síta, ó fi ẹnu lásán pe ìrun.

A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Ẹ̀rọ dákẹ́ igbe, ó ń kùn. Àǹtí gbé àpótí náà lé itan rẹ̀, ó fọwọ́ bò ó bí orí ọmọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Omi ọjọ́ yẹn gbóná, àbí?"

"Mi ò mọ̀, Àǹtí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn."

Kò tọrọ àforíjì. Kò tọrọ rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi gbé òpó mìíràn nàró, òun ló ń gbé mi lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pe ẹ̀rọ náà ní àǹjọ̀nú létí rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo padà lọ pààrọ̀ fóòmù, dókítà ṣí i, ó sún mọ́ ọn wò ó. Ó pe dókítà kejì, òun náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Mo ní, "Ẹ kúkú sọ ọ́. Ṣé ibi tí ẹ fọwọ́ fà náà ni?"

Ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó gbé e sí mi lójú. Inú egbò náà pupa yòò bí inú gúáfà. Kò dúdú níbì kankan. "Ẹran tuntun ni, Mọ́mì," ó ní. "Ó ń kún bọ̀ láti ìsàlẹ̀." Mo wò ó títí. Ní gbogbo ayé mi, mi ò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ó burú láti wò.

Ó pẹ́ kó tó padé. Wọ́n gba ẹ̀rọ wọn, mo lo báńdéèjì lásán fún ìgbà pípẹ́, mo sì ń gún abẹ́rẹ́ ṣúgà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀rọ nìkan ló wò mí sàn, tàbí pé gbogbo ẹni tó bá gbé e kọ́ ìbàdí ló máa ń bọ́. Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní wọ́ọ̀dù tó gbé e kọ́, tí wọ́n sì gé tirẹ̀. Ó pẹ́ jù kó tó wá ni. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Gbogbo àárọ̀ ni Àǹtí tàbí ọmọ mi ń yí àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò, tí wọ́n bá sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, màá ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí.

Mi ò wọ bàtà ọjà mọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń polówó báyìí: gbogbo bàtà tó bá jáde nínú bẹ́ẹ̀lì, màá kọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ níwájú oníbàárà, màá wá inú rẹ̀ káàkiri. Àwọn kan ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Mo ní kí wọ́n lọ ra lọ́dọ̀ Ìyá Ládi. Dúpẹ́ ṣì ń wọ bàtà dúdú yẹn lọ síbi iṣẹ́, ó ti yọ ìṣó rẹ̀. Tó bá sì wá rajà, ó ní kí n kọ́kọ́ kọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ó mọ̀ mí.

Bàbá Yúnúsà náà ṣì ń wá. Tẹ́lẹ̀, àpò ló máa ń bojú wò tó bá dé. Báyìí, á dúró lórí igi rẹ̀ méjèèjì, á kọ́kọ́ wo abẹ́ tábìlì, síbi tí mo ki ẹsẹ̀ sí.

"Ìyá Oníbàtà, ṣé méjì ṣì ni?"

Màá na méjèèjì jáde kó rí wọn.

"Méjì ṣì ni, Bàbá. Ẹ máa wá ti òsì yín."